Orogún Ìyá Àgbà Ní Bónẹ́ẹ̀tì

Kí n má tàn yín, mo ti jowú mọ́tò rí. Kì í ṣe ẹni tó ni mọ́tò ni mo jowú. Ìyẹn kò jẹ́ tuntun, gbogbo ará Sango, ní Ọ̀tà níbí, ló ń ṣe é. Mọ́tò gan-an ni, òun àti táyà àti gíláàsì rẹ̀. Kì í sì í ṣe èmi ni mo dá ìjà náà sílẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí n tó gbọ́njú. Èmi kàn jogún un ni.

Mọ́tò Bàbá Àgbà mi ni. Ó kéré, ó pupa bí ata tó ti ń rọ lórí àtẹ, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ forí kanlẹ̀ kírun. Nínú àgbàlá wa ní Ilo-Awela, igi fùrúùtù kan ṣoṣo ló ń fún wa ní ibòòji, abẹ́ igi náà sì ni mọ́tò yìí ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àga síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dirun níbẹ̀. Inú oòrùn ni Ìyá Àgbà ti ń ṣa ẹ̀wà, tí yóò máa wo irin tó ń gba atẹ́gùn. Tí àlejò bá béèrè pé ìyàwó mélòó ni Àlàájì fẹ́, òun ló máa ń dá wọn lóhùn: "Àwa méjì ni. Èmi ni mò ń dáná. Ìkejì mi ni wọ́n fún ní ibòòji."

Bàbá Àgbà ti lọ báyìí. Ó kírun àsùbáà, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí a ṣe àdúrà rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí mọ́tò náà tẹ̀ lé e, nítorí Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó lọ fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ owú Bàbá Àgbà, kò tíì mọ Bàbá Àgbà.

Mẹkáníìkì ni. Láti Ilo-Awela títí dé Ìyànà Iyesi, Àlàájì Rótárì ni wọ́n ń pè é, nítorí rótárì ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú mọ́tò yẹn. Ó ní àpótí onígi kan tó fi ń jókòó ní wọ́kṣọ́ọ̀bù, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Tí ẹlòmíràn bá jókòó lé e, kò ní bínú, kò sì ní sọ pé dìde. Yóò kàn dúró níwájú onítọ̀hún, yóò máa kí i. Ẹ kú ìjókòó. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ẹ kú ìjókòó o. Bí onítọ̀hún bá dáhùn tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó kí ọlọ́pàá kan báyìí níṣojú mi títí ọkùnrin náà fi dìde tó tọrọ àforíjì, láìmọ ohun tó ṣe.

Ó jowú sípánà rẹ̀. Ó jowú itan adìẹ nínú ọbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kejì, ibà sì dá Bàbá Àgbà dùbúlẹ̀ títí ọ̀rẹ́ náà fi dé, tó sọ fún un pé oòrùn Mẹ́kà lọ́tẹ̀ yìí kò dára rárá. Ìgbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ mi, tí mo ń fi í han gbogbo ilé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí wọn kò kọ orúkọ òun sí i, ṣebí òun ni òun ń jí mi lọ sílé ìwé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, Bàbá, owú yín yìí ti pọ̀ jù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹni tí kì í jowú, kò ní nǹkan kan ni."

Ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Jàpáánù ló ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ páànù kan, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà ní Ọ̀tà, ni ọ̀gá yìí ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá Àgbà ló sì ń tún àwọn ọkọ̀ ẹrù wọn ṣe. Nígbà tí àsìkò rẹ̀ pé tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi mọ́tò náà ta Bàbá Àgbà lọ́rẹ, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Kò ṣàlàyé kankan. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ Bàbá Àgbà wá wò ó. Wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì dà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò tóbi ju kẹ́ẹ̀gì epo lọ.

Èmi náà fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń jẹ iṣu àti ẹ̀pà sísè, ó la èèpo ẹ̀pà oníkóró méjì, ó jẹ ẹ̀pà inú rẹ̀ (ẹ̀pà tèmi ni), ó wá gé ègé iṣu kékeré onígun mẹ́ta, ó tì í sínú èèpo náà, ó ń fi orí ìka yí i. Ó ní ilé ẹ́ńjìnnì òun rí bí èèpo yẹn: ó fẹ̀ ní ìdí méjèèjì, ó fún díẹ̀ láàárín. Irin onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀. Bó ti ń yí, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í kúrò lára ògiri, nítorí náà àyè tó wà láàárín irin àti ògiri á máa fẹ̀, á sì máa fún. Níbi tó bá ti fẹ̀, afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù á wọlé. Níbi tó bá ti fún, iná á sọ. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan tó ń dí ojú àyè náà kí nǹkan kan má baà jò jáde. Ètè ni Bàbá Àgbà ń pè é. Mo bi í pé kí wá ni ìyàtọ̀ òun àti ẹ́ńjìnnì mọ́tò yòókù. Ó ju ègé iṣu náà sẹ́nu. Ó ní: "Tiwọn ń gúnyán. Tèmi ń lọ ata."

Ẹ má rò pé ó mọ gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń jẹ ọ́ìlì, àìsàn ni. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà ẹni tí kò ní mọ́tò mọ̀ ọ́n. Mọ́tò pupa yìí sì ń jẹ ọ́ìlì. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Bàbá Àgbà bá yọ géèjì wò, ó ti dín. Ó wá orísun àìsàn náà títí, ó rí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ tààrà síbi tí iná ti ń jó. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ojú ọgbẹ́ nìyí. Ó dí páìpù náà pa.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Tìámíyù, géńdé tó kù díẹ̀ kó gba fírídọ̀ọ̀mù. Òun ló rọra sọ pé onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ, inú bẹntiróòlù rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì fún un, kò sì ṣàìsàn. Bóyá bí èyí náà ṣe rí nìyẹn. Bàbá Àgbà yíjú sí i. Ó bi í bóyá mọ́tò òun ló ń fi wé ohun tí wọ́n fi ń gẹrun. Gbogbo wọ́kṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, Tìámíyù sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lóòótọ́, mọ́tò kò jẹ ọ́ìlì mọ́. Bàbá Àgbà wọ agbádá, ó gbé e jáde sí ojú ọ̀nà Ìdíròkò kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i. Wọ́n rí i. Ó ń gbé e jáde bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, títí ọjọ́ tó dé Ìyànà Iyesi níbi tí èrò pọ̀ sí jù, tí ẹ́ńjìnnì pariwo bí abọ́ tó já lulẹ̀, tó sì kú. Ètè ti gbẹ, ó ti sán, ó sì ti ha ògiri ilé rẹ̀ jẹ. Wọ́n fi okùn fà á wálé. Bàbá Àgbà jókòó sínú rẹ̀ nínú agbádá, ó di ìdarí mú, ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fa òun. Ó pẹ́ gan-an kó tó lè sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀: "Mo wo ẹni tí kò ṣàìsàn sàn, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Gbogbo ènìyàn ní kó yọ òkú ẹ́ńjìnnì náà, kó fi ti mọ́tò mìíràn sí i, kí nǹkan máa lọ. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ló ń pariwo jù. Ó dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Tí ọkàn bá ń dun ènìyàn, ṣé ti ewúrẹ́ lẹ fi ń rọ́pò rẹ̀?" Mọ́tò sì wà lábẹ́ igi bẹ́ẹ̀, òkú tó ń gba ibòòji. Ìyá Àgbà ní ó ti yé òun wàyí: orogún òun tiẹ̀ kú tán, kò kúrò nílé.

Tìámíyù gba fírídọ̀ọ̀mù. Àṣà wa ni pé kí ọ̀gá gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ tó ń lọ, kí àdúrà náà sì gùn, kí ọkàn àwọn òbí ọmọ lè balẹ̀. Èyí tí Bàbá Àgbà gbà kúrú débi pé àwọn tó fẹ́ ṣe àmín kò ráyè ya ẹnu. Tìámíyù kó lọ sí Àtàn, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Bàbá Àgbà ń jẹun níta, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, a gbọ́ ohùn kan láti ojú ọ̀nà. Kò jọ ohùn mọ́tò kankan. Ó ń kùn bí oyin tí wọ́n sé mọ́nú agolo, ó ń ròkè, ó ń ròkè, kò sì já. Òkèlè náà kò dé ẹnu. Bàbá Àgbà dì í mú títí ohùn náà fi kọjá lọ. Ó ní: "Ohùn ìyàwó mi ni mo gbọ́ yẹn, nílé ọkùnrin mìíràn."

Tìámíyù ni. Ó ti ra irú mọ́tò náà ní Kútọ́nù, òkú ẹ́ńjìnnì ló bá nínú rẹ̀, ó sì ti jí i dìde. Orí fóònù ló ti bá àwọn tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì yìí káàkiri ayé pàdé. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì, ṣùgbọ́n àwọn ará ìta kò pa á tì. Wọ́n ń ṣe ètè tiwọn, èyí tó nípọn tó sì lágbára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbẹ́ ihò tó fi ń mí kó lè fẹ̀ sí i. Wọ́n ń so rédíétọ̀ ńlá mọ́ ọn, torí ara rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná. Ọ́ìlì ńkọ́? Inú bẹntiróòlù ni Tìámíyù ń po tiẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bíi ti jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀.

Bàbá Àgbà kò jẹun dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Tí ohùn náà bá ti ń bọ̀ lọ́nà, yóò wọlé, yóò tan rédíò, yóò yí i sókè. Ìyá Àgbà nìkan ni inú rẹ̀ dùn nílé. Ó bu omi wá fún un, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó ní: "Ẹ rọra tọ́ ọ wò. Ohun tí ẹ fi ń bọ́ mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Mo wá dé ibi ohun tí n kò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ní kí n múra, kí n wé gèlè bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti bá ènìyàn sọ. Òun wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, a ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́. A wọkọ̀ lọ sí Àtàn. N kò mọ ibi tí à ń lọ títí a fi dúró níwájú wọ́kṣọ́ọ̀bù Tìámíyù. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Mo tiẹ̀ ti ń tú gèlè.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kì í dá lọ bá ọ̀gá. Ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú un lọ, kó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, kó sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Bàbá Àgbà tì mí síwájú. Ó ní fún Tìámíyù pé ẹbí òun nìyí, òun mú un wá kó wá fa òun lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Tìámíyù ti rí wa ló ti dọ̀bálẹ̀, kò wá mọ bí yóò ṣe dìde mọ́.

Mo ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí ni kí n ṣe? Mo tún gèlè mi wé. Mo sọ fún Tìámíyù pé ọmọ mi nìyí, iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́, kó bá mi mójú tó o, tó bá sì ń ṣagídí, kó ránṣẹ́ pè mí. Tìámíyù fọwọ́ bojú. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó bẹ Bàbá Àgbà pé kó jọ̀ọ́, òun ni yóò máa wá sí Ilo-Awela. Bàbá Àgbà kọ̀. Ó ní tí Tìámíyù bá wá bá òun nílé, ọ̀gá ni òun yóò máa ṣe. Àtàn nìkan ni òun ti lè ṣe ọmọ iṣẹ́. Ó wá sọ ọ́ síta, níṣojú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: "Owú rẹ ń pa mí. Kọ́ mi, kí n lè sinmi."

Òun sinmi. Èmi ni n kò sinmi. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọ̀sán Bàbá Àgbà, tèmi ni. Tí mo bá ti kúrò nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń yà sí kí n tó lọ sílé ọkọ mi. A ó jẹ ẹ̀pà, a ó máa fi àwọn tó ń kọjá lọ ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dé, Ìyá Àgbà á kàn nawọ́ sí ọ̀nà Àtàn. Èmi, onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ni mo wá ń jókòó dè é.

Tó bá sì dé, kí ló ń sọ? Tìámíyù ní báyìí ni. Tìámíyù ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ Tìámíyù kì í gbọ̀n. Tìámíyù ní ènìyàn kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì yìí, kó sún un síwájú díẹ̀, kó sì pa á, bí a ti ń ṣe fún mọ́tò yòókù. Tí ara rẹ̀ kò bá tíì gbóná, bẹntiróòlù ni yóò kún inú rẹ̀, yóò fọ ọ́ìlì kúrò lára ètè, ètè kò sì ní lè di nǹkan kan mú mọ́. Mo ní ó ti kú nìyẹn. Ó ní rárá. Ó gbá mi lórúnkún kí n lè gbọ́ dáadáa: "Ó mu àmupara ni. Má bù kún un mọ́. Gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì ṣí fèrèsé fún un."

Ife ni fíúùsì tó ń fún ohun tó ń fa bẹntiróòlù ní iná: kí a yọ ọ́. Fèrèsé ni pẹ́dàlì tí a fi ń sáré: kí a tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́ wọlé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú sì ń bí mi, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fi yẹ̀yẹ́ bi í pé tí Tìámíyù bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kò kúkú sọ ọ́ di ọmọ-ọmọ. Ó ronú sí i. Ẹ gbọ́ mi o, ó ronú sí i. Ó wá bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé Àtàn lè gbọ́ wa. Ó ní: "Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Má sọ fún un."

Wọ́n jọ jí ẹ́ńjìnnì náà dìde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún lábẹ́ igi, gbogbo ẹyẹ fò kúrò lórí rẹ̀, Bàbá Àgbà sì rìn yí i ká bí ọkọ ìyàwó. Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ló ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, yóò sì tètè tan án kí ara rẹ̀ lè gbóná kó tó gbéra. Ìyá Àgbà kì í wo mọ́tò náà. Tí ó bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n á ké sí ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ má pẹ́ níta o." Bàbá Àgbà á sì dá a lóhùn láti inú fèrèsé mọ́tò: "Ohun tó ń gbé mi lọ náà ló máa gbé mi bọ̀."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ àdúrà.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé kí ọwọ́ Ìyá Àgbà má baà gbẹ, ibi tí mọ́tò wà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù yóò wà. Mo ní èmi yóò gbé mọ́tò náà. Ó ní gbé e lọ síbo, ta ni yóò máa tún un ṣe, ṣé olùkọ́ ni yóò máa wọ abẹ́ mọ́tò. A fà á títí àwọn àgbà ẹbí fi dá sí i. Wọ́n ní tí mọ́tò náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì lẹ́yìn àdúrà, kí n máa gbé e lọ. Tí kò bá lè jáde, kí àwọn onírin àlòkù gbé e. Ọkàn mi balẹ̀. Jímọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, Bàbá Àgbà ṣì gbé e lọ kírun.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tó wá ta kánópì fẹ́ àyè lábẹ́ igi. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì mú kọ́kọ́rọ́, ó tan mọ́tò, ó sún un sẹ́yìn díẹ̀, ó sì pa á. Ṣebí bí gbogbo ayé ti ń ṣe fún mọ́tò nìyẹn.

Àwọn ààfáà kéwú, wọ́n ṣe wáàsí, a jẹ, a mu. Ọkọ̀ àwọn onírin àlòkù ti gúnlẹ̀ síwájú géètì. Mo wọ inú mọ́tò, gbogbo ẹbí yí mi ká, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń yí, kò dáhùn. Mo tún un yí. Kò dáhùn. Òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo àgbàlá. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ní kí n ṣe pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ sì tutù lóòótọ́. Ó ní ó mà ya òun lẹ́nu, torí ó ṣì ṣiṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tí òun sún un kúrò lábẹ́ igi. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó ṣe é.

Tìámíyù dìde láàárín àwọn tó wá ṣàdúrà. Láti ọjọ́ tí mo ti fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́, a kò sọ ju ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà lọ. Ó bọ́ fìlà sápò, ó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò.

"Àǹtí, ẹ má yí i mọ́."

"Mo mọ̀," mo dá a lóhùn. "Ó mu àmupara ni. Ká gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ká ṣí fèrèsé fún un."

Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bàbá ni. Ó ní ìwọ lo sọ ọ́."

"Fíúùsì àti pẹ́dàlì ni mo sọ fún Bàbá. Kò sọ ti ife fún èmi rí."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo mọ irú ojú yẹn. Inú díńgí ni mo ti máa ń rí i.

Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó yọ fíúùsì, ó tú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ó ń nù wọ́n, ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò wọn kí ètè lè tutù. Bó ti ń ṣiṣẹ́, kò wò mí, ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ni Bàbá máa ń sọ nípa òun nílé. Mo ní Bàbá ní kí n má sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní kò burú, pé òun náà mọ ohun tí ojú òun rí lórí ọ̀rọ̀ mi.

"Ọ̀rọ̀ mi báwo?"

"Àǹtí, ẹ̀yin ló fi ń fìyà jẹ mí. Tí mo bá ṣàlàyé nǹkan tán, á ní Àwẹ̀ró, ọmọ-ọmọ òun, ì bá ti mọ̀ ọ́n kí n tó la ẹnu. Tí mo bá tètè ṣe nǹkan, á ní ti Àwẹ̀ró ì bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jowú yín títí. N kò sì tíì bá yín jókòó rí."

Èmi tí n kò mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí. Bàbá Àgbà ti mú owú rẹ̀, ó ti pín in bí ẹran sàárà, ó fún Ilo-Awela, ó fún Àtàn, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mo ti ẹnu fèrèsé sọ ọ́ fún Tìámíyù.

"Ó ní ọwọ́ rẹ dára ju tòun lọ."

Pọ́lọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún ń nù ún. Ó nù ún títí. Ó wá dá gbogbo wọn padà, ó ti bónẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n tẹ pẹ́dàlì dé ilẹ̀, kí n má sì tìtorí ìbẹ̀rù gbé ẹsẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń yí, ó wú ikọ́, ó tú èéfín díẹ̀. Tìámíyù fi fíúùsì bọ ihò rẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Mo tún un yí. Ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu látàárọ̀. Èéfín funfun bo gbogbo ẹní àwọn ààfáà. Ààfáà àgbà fi láwàní bo imú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ Kùránì kan tí kò sí nínú ètò ọjọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ń húkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń juwọ́ sí àwọn onírin àlòkù pé kí wọ́n sún ọkọ̀ wọn kúrò lẹ́nu géètì. Tìámíyù ní kí n má tíì gbéra, kí n jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná. A dúró. Ohùn náà ń kùn bí oyin inú agolo.

Nígbà tó gbóná, mo yí i sí ọ̀nà. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú aṣọ opó rẹ̀. Mo rò pé yóò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti máa ń ṣe. Kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wo ojú tó jọ ojú ẹni tó mọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀.

"Má pẹ́ níta o."

Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n mo wo ibi tí ojú rẹ̀ wà. Kò sí lára mi. Iná iwájú mọ́tò ló ń wò. Mo jáde ní géètì, mo sì ń jowú lọ.